Ẹni Tó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀ ní Ilé-Kéwú Àlájà

Pupa ni lẹ́tà tó jáde lójú fóònù Àlájà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìkéde kan sí àwọn òbí tán ni, ó tẹ ibi tí a ní kó tẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wọlé, áàpù sì kọ̀ fún un. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, lẹ́yìn náà ó nà án sí mi.

"Kí ló sọ?"

Mo mọ ohun tó sọ, àmọ́ n kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́. Mo wo ọ̀gá mi, obìnrin tí gbogbo wa ní ọ́fíìsì ń pè ní Àǹtí, bóyá yóò gbà mí sílẹ̀. Àǹtí ń wo àjà.

"Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mà."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Áàpù ni, mà."

"Áàpù wo? Èyí tí mo ní kí ẹ ṣe fún mi?"

Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo, nítorí bí èèyàn bá ń bínú sókè, mo mọ ibi tí mo lè sá sí. Ohùn tó fi bi mí yẹn, ohùn tí wọ́n fi ń bi ọmọ kéwú tí kò ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, mo sì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ tó nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n tó fi ilé-kéwú sílẹ̀ nítorí ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì.

Ilé-kéwú Àlájà wà láàárín àwọn agboolé àtijọ́ Ìlọrin, ní ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yọ sí ọjà Ìpátá bí kò bá bẹ̀rù àwọn lọ́rì tó ń já iṣu. Bàbá rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Òun ló kọ́ Àlájà láti máa fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ànjẹ́mì. Bí Àlájà ṣe ń ronú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń kọ̀wé. Ó lè ka ìwé Lárúbáwá tó nípọn ju ìrọ̀rí lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà A, B, D kì í ṣe tirẹ̀, kò sì díbọ́n rí pé tirẹ̀ ni. Fún ọdún mélòó kan, tó bá fẹ́ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ lórí áàpù, yóò kọ tirẹ̀ sínú ìwé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí a ń pè ní Alfa, yóò wá kọ ọ́ sórí áàpù ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣe áàpù náà mọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé kí a tún un ṣe, kí òbí kọ̀ọ̀kan lè ka ìkéde ní èdè tó yé e, kí Àlájà fúnra rẹ̀ sì lè kọ ọ́ lọ́nà tó mọ̀.

"Ọmọ mi," Àlájà wí fún mi, "láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń kọ́ èèyàn nínú ilé yìí. Bó bá wá di pé mo gbọ́dọ̀ dúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán kí n tó lè bá òbí ọmọ tí mò ń kọ́ sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé èmi kọ́ ni mo ni ilé-kéwú mọ́. Kí ọmọ mi gbà á. Màá gbé bùúta àlùwàlá mi, màá lọ jókòó sílé."

"Màámi, kò tíì dé bẹ́ẹ̀," Alfa sọ.

"Ó ti dé bẹ́ẹ̀. Ṣebí ojú rẹ ló ṣe. Bí a bá wọlé lẹ́yìn ìsinmi tí nǹkan yìí ò tíì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ìwọ ni kí o máa darí ilé. Mo ti sọ ọ́."

Alfa kì í ṣe ẹni tó ń wá ipò. Ojú rẹ̀ sọ fún mi pé ó ń wu òun kí ìyá òun sinmi, àmọ́ kì í ṣe irú ìsinmi yìí. Mo ronú lórí ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì títí a fi jáde. Kí ẹni tó ti rẹ̀ jókòó sílé, ẹ̀bùn ni. Kí wọ́n ti èèyàn dé ilé, nǹkan mìíràn nìyẹn. Inú mi bàjẹ́ fún Àlájà, mo sì tún ń bẹ̀rù fún ara mi, ojú sì ń tì mí pé mò ń bẹ̀rù fún ara mi nígbà tó jẹ́ pé òun ló fẹ́ pàdánù nǹkan.

A wọ kẹ̀kẹ́ padà sí ọ́fíìsì wa ní Táíwò Road. Nígbà tí a dé ìyànà Post Office tí gbogbo ọkọ̀ dúró, Àǹtí wò mí.

"Ọmọ yunifásítì, kí ló dé tí ò ń mí bí ẹni tó ru iṣu?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"O rò pé màá lé ọ."

Mo yíjú sí ojú títì.

"N kò lè lé ọ. Ta ni yóò máa bá wa bẹ̀rù?"

Oníkẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Àǹtí jẹ́. Láti Òkè Ọya ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá sí Ìlọrin, ó sì ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó ń bi wọ́n mọ́. Ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ Haúsá, ó ń bá wa sọ Yorùbá, ó ń bá kọ̀ǹpútà sọ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bá sì sún mọ́ ẹnu rẹ̀ jù ló fi ń bú onímọ́tò. Lójú mi, bó ṣe ń kúrò nínú èdè kan bọ́ sínú òmíràn dà bí ẹni tó ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀ nínú ilé ara rẹ̀. N kò rí i kí ó kanlẹ̀kùn rí.

Nígbà tí a jókòó tán, kò tan kọ̀ǹpútà. Ó mú máàkà, ó lọ síbi bọ́ọ̀dù.

Kí ohun tó ṣe lè yé ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ pé àká ni dátábéèsì jẹ́, ibẹ̀ ni áàpù ń kó ọ̀rọ̀ sí. Nínú àká ilé-kéwú náà, àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ti la àyè fún àkọlé ìkéde àti àyè fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí iṣẹ́ dé ọwọ́ wa, a la àyè mẹ́ta mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti Yorùbá, ti ànjẹ́mì, ti Haúsá. A fi ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà: dandan ni kó kún. Àwọn yòókù, bó bá wu èèyàn kó kún wọn. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbi gbogbo nìyẹn, ó sì rọrùn, èmi àti Àǹtí kò sì bi ara wa ní ìbéèrè kankan lórí rẹ̀ títí pupa fi jáde lójú fóònù arúgbó.

"A kọ́ ilé fún Gẹ̀ẹ́sì," Àǹtí sọ, ó ń fa ìlà sí bọ́ọ̀dù, "a wá ní kí àwọn tó kù sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí Àlájà bá bú wa, ó ṣe dáadáa."

"Ṣé kí a kàn yọ dandan yẹn kúrò, mà?"

"Tí a bá yọ ọ́, tí àyè Gẹ̀ẹ́sì sì ṣófo, kí ni òbí tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì yóò rí?"

"Òfìfo, mà."

"Ìwọ, bí wọ́n bá fi òfìfo ránṣẹ́ sí ọ, ṣé wàá gbé ọmọ rẹ wá?"

Ó nu ìlà tó fà kúrò. Lẹ́yìn náà ó sọ gbólóhùn kan tí mo ṣì ń gbọ́ létí di òní. Ó ní, "Ìkéde kò ní èdè. Ọjọ́ ló ní, kíláàsì ló ní, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló ní. Ọ̀rọ̀ ló ní èdè."

Ó wá ya wọ́n sọ́tọ̀. Àká kan fún ìkéde, níbi tí ọjọ́ àti kíláàsì yóò wà. Àká kejì fún ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sọ ìkéde tó jẹ́ tirẹ̀, èdè tó jẹ́, lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́, àti bóyá òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ tàbí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ láti inú òmíràn ni. Báyìí, Yorùbá lè ní lẹ́tà méjì kí ó ṣì jẹ́ Yorùbá. Kò sí èdè tó jẹ́ dandan. Ohun tó jẹ́ dandan kò ju pé kí ẹnìkan ti sọ nǹkan kan lọ. Bí èdè òbí kan kò bá sì tíì wà, kì í ṣe òfìfo ni yóò rí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni yóò rí, pẹ̀lú àlàyé kékeré lábẹ́ rẹ̀ pé ìtumọ̀ ń bọ̀.

Mo jókòó, mò ń wo bọ́ọ̀dù. Inú mi dùn gan-an, àmọ́ kò ṣàì sí owú díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo rò ó pé èmi náà mọ gbogbo ìlà tó fà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ́ mi ní ilé ìwé, mo gba máàkì tó dára lórí rẹ̀. Kí ló dé tí kò wá sí mi lọ́kàn? Mo sọ fún ara mi pé owú tí èèyàn ń jẹ ẹni tó fẹ́ràn kì í ṣe owú burúkú, pé ó lè jẹ́ ọ̀nà kan láti kọ́ nǹkan. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó kàn jẹ́ kí ara tù mí.

Àwọn ìkéde àtijọ́ ló wá kù. Ètò wa tẹ́lẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó wà nínú àyè àtijọ́, kí a kọ "Gẹ̀ẹ́sì" sí wọn lára, kí a kó wọn lọ sí àká tuntun. Àǹtí ní kí a kọ́kọ́ kà wọ́n. A ṣí wọn, a sì rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ni Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Alfa kò bá sí nílé, àwọn akọ̀wé ilé-kéwú ti ń kọ ohun tó bá wá sí wọn lọ́wọ́ sínú àyè kan ṣoṣo tí wọ́n rí. Òmíràn fi sálámà bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá, ó gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kọjá, ó fi "lágbára Ọlọ́hun" parí.

Mo ní irinṣẹ́ kan wà tó máa ń mọ èdè fúnra rẹ̀. Mo dán an wò. Ó ka ìkéde kan tó ń sọ pé kí àwọn ọmọ mú ẹní wá, ó ní èdè ilẹ̀ kan tó jìnnà réré níbi tí yìnyín ti ń bọ́ ni.

"Kí wọ́n mú ẹní wá," Àǹtí sọ, "kí wọ́n mú kóòtù wá pẹ̀lú." Ó pa kọ̀ǹpútà dé. "Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣì wà láyé. Kí ló dé tí a ń bi ẹ̀rọ?"

Bí a ṣe padà sí ilé-kéwú nìyẹn, lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí àwọn ọmọ kò sí nílé. Àlájà jókòó sórí ẹní, Alfa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ni mò ń ka àwọn ìkéde náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú láàpútọ́ọ̀pù. Èyí tó dàrú pọ̀, màá bi wọ́n pé èdè wo la fẹ́ pè é.

"Èdè Ìlọrin ni," Àlájà máa ń sọ.

"Áàpù ò ní Ìlọrin, mà."

"Ẹ fi sí Yorùbá nígbà náà. Ìlọrin á jókòó díẹ̀ níbẹ̀."

Báyìí la ń bá a lọ títí a fi dé ọ̀kan tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ṣáká, lórí àwọn òbí tó ń pẹ́. Àlájà ní kí Alfa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun. Alfa wúkọ́ díẹ̀.

"Ó ní, ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, a fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ rán yín létí pé, bó bá rọrùn fún yín, kí ẹ jọ̀wọ́ máa gbìyànjú láti tètè mú àwọn ọmọ wá."

"Ta ló kọ ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Èmi? Bó bá rọrùn fún wọn?" Ó yíjú sí Àǹtí. "Ohun tí mo kọ ni pé ẹni tí kò bá lè mú ọmọ rẹ̀ dé kí a tó bẹ̀rẹ̀, kó mú un padà sílé, kó máa kọ́ ọ fúnra rẹ̀."

"Màámi, mo kàn fi ṣúgà díẹ̀ sí i ni. Àwọn èèyàn ńlá wà nínú wọn."

"Ta ló sọ fún ọ pé tíì mi ò dùn?" Ó mi orí. "Abájọ tí wọ́n fi ń pẹ́."

Àǹtí kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Alfa, lẹ́yìn wọn ni Àlájà fúnra rẹ̀. N kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nítorí n kò mọ̀ bóyá ó yẹ. Mo ń rò ó pé fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn òbí tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gbọ́ ohùn Àlájà rí. Ẹlòmíràn tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó purọ́, kò sí ẹni tó ní èrò burúkú. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Àlájà nawọ́ sí láàpútọ́ọ̀pù bí ẹni pé ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe wáàsí. Ajánásì á ka ọ̀rọ̀ Àlùkùráánì, alfa tó jókòó á túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ ló mọ ẹni tó ka èwo, ẹni tó sọ èwo. Bí alfa bá fi ìtàn tirẹ̀ sí i, kò sí ẹni tí yóò gbé e lé Àlùkùráánì lórí. Kí ti ọmọ mi jẹ́ tirẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i."

Àǹtí fa láàpútọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi, ó sì fi àyè kan kún àká ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, àyè orúkọ ẹni tó túmọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ nìyẹn. Kò ní òun náà ti rò ó tẹ́lẹ̀, kò ní yóò ṣòro, kò gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa bo ọ̀rọ̀ arúgbó mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ ohun tó dára, ó sì fi í sí ibi tó yẹ.

Ìsinmi ń lọ sópin nígbà tí a fẹ́ kó àwọn ìkéde sínú àká tuntun. Àǹtí kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, nítorí bí nǹkan bá bàjẹ́, gbogbo ẹni tí èèyàn lè pè ti wà ní mọ́ṣáláṣí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló yàn. Ó ní èmi ni yóò ṣe é.

"Kí o tó sọ bí a ṣe máa lọ," ó ní, "sọ bí a ṣe máa padà."

Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ, bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí ló ń gbọ́. Mo ti kọ́kọ́ dán gbogbo rẹ̀ wò lórí ẹ̀dà àká náà, ó sì lọ dáadáa, síbẹ̀ Àǹtí kò jẹ́ kí n pa àyè àtijọ́ rẹ́. Ó ní ẹni tó ra ìkòkò tuntun kì í fọ́ èyí tó wà lórí iná. Kí ọ̀rọ̀ wà nínú méjèèjì, kí áàpù máa kà láti inú tuntun, kí a máa fi àtijọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó di pé a mú àtijọ́ kúrò. Nígbà tí ọjọ́ Ajé dé, mo tẹ àṣẹ tí yóò kó wọn lọ. Ọ̀rọ̀ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, Yorùbá sí Yorùbá, Haúsá sí Haúsá, ti Alfa pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára. Nígbà tó parí, mo rí i pé omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé dátábéèsì lásán ni. Àmọ́ mo ti gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti ibì kan dé ibì kan, n kò sì da ìkankan sílẹ̀, mi ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ mi lè rí bẹ́ẹ̀ lára mi.

"Sunkún tán," Àǹtí sọ, "kí o yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

Àlájà kọ ìkéde ìwọlé fúnra rẹ̀ ní ànjẹ́mì, ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pẹ́ sí i. Èmi àti Àǹtí wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró de pupa, pupa kò jáde. Ohun tó kọ wà níbẹ̀ bó ṣe kọ ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lókè. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó pe Alfa pé kó wá ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá aláábídí, ó pe olùkọ́ kan tó gbọ́ Haúsá pé kó ṣe ti Haúsá, ó sì ní kí àwọn méjèèjì sọ ohun tí wọ́n kọ padà fún òun kí ó tó jáde. Kò mẹ́nu kan bùúta, kò mẹ́nu kan ilé. Ó kàn bi Alfa pé kíláàsì wo ni yóò mú lọ́jọ́ Sátidé.

Sátidé tí wọ́n wọlé, Àǹtí ní kí a lọ wò ó bóyá ohunkóhun ń ṣe áàpù. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Àlájà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ òbí ti mú ọmọ wá, àwọn kan ń yára. Nígbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nínú ilé, ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan. Oníṣòwò ọkà ni ní Ìpátá, kò tíì pẹ́ tó ti Òkè Ọya dé, kò sì gbọ́ Yorùbá tó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí Àlájà, ó wá ń bá Àǹtí sọ̀rọ̀ ní Haúsá, ó ń nawọ́ sí fóònù rẹ̀.

"Kí ló wí?" Àlájà béèrè.

"Ó ní èyí tí òun máa ń gbà tẹ́lẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹlòmíràn ló ń bá òun kà á, ó ń dún bíi ti ìjọba. Ó ní òun rò pé ọkùnrin kan tó jókòó sí ọ́fíìsì ló ni ilé-kéwú. Nígbà tí òun ka ti ọ̀sẹ̀ yìí ní èdè òun ni òun tó mọ̀ pé ìyá kan ló ń bá òun wí. Ó ní òun wá kí yín."

Àlájà wo ọkùnrin náà, ó wo ọmọ náà. Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fà á mọ́ra.

"Sọ fún un pé mo dúpẹ́," ó wí fún Àǹtí. "Sọ fún un pé ó pẹ́."